Kí Olùkọ́ Má Dá Nìkan Wà ní Kíláàsì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìtọ́nisọ́nà Láàárín Olùkọ́ Tuntun àti Àgbà Olùkọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin àgbà olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ tuntun ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Yóò mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọn yóò fún un ní páálí ẹfun kan, rẹ́jísítà àti kíláàsì. Kíláàsì ọ̀hún sì máa ń jẹ́ èyí tí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ti sá fún: kíláàsì kìíní tí ọmọ inú rẹ̀ lé ní àádọ́rin, tàbí kíláàsì kẹrin tí olùkọ́ méjì ti fi sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dé ibẹ̀ mọ́ àfi ọjọ́ tí ìǹsípẹ́kítọ̀ bá dé. Ẹni tó kọ́kọ́ wo olùkọ́ yìí lẹ́nu iṣẹ́ wá di ẹni tó wá dá a lẹ́jọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ká mú lọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ gidi ni ìtọ́nisọ́nà. Ó ní wákàtí tirẹ̀ lórí táìmù-tébù, ó ní ìwé tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pò mọ́ ìbẹ̀wò ìjọba. Ilé-ìwé tó bá fi í sílẹ̀ fún inú rere àgbà tó bá ráyè, asán ni yóò já sí.

Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. NCE ni ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà kà sí ìwé ẹ̀rí tó kéré jù fún olùkọ́, sẹ̀mẹ́sítà kan ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún tíṣìn-práktíìsì. Láàárín sẹ̀mẹ́sítà náà, olùbẹ̀wò láti kọ́lẹ́ẹ̀jì á wá lẹ́ẹ̀mélòó kan, á jókòó sẹ́yìn, á fún un ní máàkì, á lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìgbáradì ẹ̀kọ́ tó gún régé. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni ohun tí èèyàn ń ṣe ní aago mọ́kànlá àárọ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, tí ohùn kò jáde mọ́, tí ọmọ mẹ́ta sì ń du ìwé kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ èyí. Láyé àwọn míṣọ́nnárì, kó tó di pé Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's fìdí múlẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896 àti lẹ́yìn ìgbà náà pàápàá, ọ̀pọ̀ ẹni tó di olùkọ́ ló ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ kékeré lábẹ́ àgbà kan, tí wọ́n jọ wà ní ilé-ìwé kan náà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 kọjá 800,000. Olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kò kárí, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ẹni tí kò gbà á wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ẹni tó bá níbẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn títí dòní ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, a kàn kọ̀ láti ṣètò rẹ̀ ni.

Àwọn kan ti ṣètò rẹ̀. Ní England, láti oṣù Kẹsàn-án 2021, ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń tọ́ olùkọ́ tuntun. Òfin wọn yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tó yẹ kó fi wà ní kíláàsì kúrò lọ́dún àkọ́kọ́, ìdá márùn-ún lọ́dún kejì, kó lè fi kọ́ṣẹ́ sí i, wọ́n sì yan atọ́nisọ́nà tì í. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa, nítorí láti oṣù Kejì 2023 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà fún àwọn olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè tó gbàwé ní Nàìjíríà láti gba àṣẹ olùkọ́ níbẹ̀. Owó wọn pọ̀ ju tiwa lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi owó náà rà, àkókò ni. Àwa náà lè wá àkókò tiwa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyan atọ́nisọ́nà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ń ṣìṣe. Wọ́n á mú igbákejì ọ̀gá tàbí ẹni tó dàgbà jù. Ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù APER, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń ṣe ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́, fún èèyàn lọ́dọọdún kò lè jẹ́ ẹni tí onítọ̀hún yóò sọ fún pé, "Ẹ̀kọ́ yìí kò yé èmi gan-an." Ẹ mú olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì kan náà tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Kó ti lo ọdún márùn-ún ó kéré tán. Ẹ ṣí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wò: bí ìwé náà bá wà láìmáàkì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fò ó. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ kíláàsì ẹlòmíì wá sí sítáfù-rúùmù, ẹ fò ó pẹ̀lú, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó. Àgbà kan kò gbọdọ̀ mójú tó ju olùkọ́ tuntun méjì lọ.

Lẹ́yìn náà ni àkókò. Píríọ́dù kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ tó: ogún ìṣẹ́jú fún wíwo kíláàsì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìjíròrò, márùn-ún fún kíkọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé. Ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n jíròrò, kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú sáà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ keje títí sáà kejì yóò fi parí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ní sáà kẹta, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó.

Ta ni yóò wà pẹ̀lú ọmọ kíláàsì àgbà náà? Ìbéèrè yìí ló ń pa ètò ìtọ́nisọ́nà jù, kì í sì í pẹ́ tó fi ń pa á. Bí kò bá sí ìdáhùn sí i kí sáà tó wọlé, nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò ní sẹ́ni tó tún ń bẹ ẹnikẹ́ni wò. Ọ̀nà méjì ló rọrùn. Àkọ́kọ́, kí ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ gba kíláàsì náà fún ogójì ìṣẹ́jú. Èkejì, kí wọ́n pa kíláàsì méjì pọ̀ fún orin, àlọ́ tàbí eré ìdárayá, kí wọ́n sì fi ìbẹ̀wò sí píríọ́dù yẹn gan-an. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí táìmù-tébù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kí orúkọ àwọn méjèèjì hàn níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí àgbà má tíì wọ kíláàsì ẹni tuntun rárá. Ẹni tuntun ni kó lọ wo àgbà, kó sì mú ohun kan pàtó lọ́wọ́ tí yóò wò: báwo ni àgbà yìí ṣe lo ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́? Ibo ló dúró sí nígbà tó ń kọ̀wé sí pátákó tí kò fi kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ? Kí ló ṣe kí ariwo tó rọlẹ̀? Bí wọ́n bá kàn ní kó "lọ wò ó," orin àti àtẹ́wọ́ nìkan ni yóò rí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìbẹ̀wò kan bó ṣe yẹ kó lọ. Ká ní kíláàsì kẹrin ni, iṣẹ́ ìṣirò, ìdajì kan pẹ̀lú ìdámẹ́rin kan. Àgbà wọlé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iwájú, níbi tó ti lè rí ojú àwọn ọmọ. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn, ìpàkọ́ wọn ló ń wò. Ó ya àwòrán bẹ́ǹṣì sórí ìwé, bẹ́ǹṣì mẹ́fà, àpótí kéékèèké fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nígbàkígbà tí olùkọ́ bá bi ọmọ kan ní ìbéèrè, ó fi àmì sí àpótí ọmọ náà. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu olùkọ́ gan-an, láìfi ìdájọ́ kún un.

Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, ìbéèrè mẹ́rìnlá ló wà lórí ìwé. Mọ́kànlá bọ́ sí bẹ́ǹṣì méjì iwájú. Bẹ́ǹṣì méjì ẹ̀yìn kò ní àmì kankan. Olùkọ́ sọ "Ṣé ó yé yín?" lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án náà ni gbogbo kíláàsì figbe ta pé, "Ó yé wa, ma!" Nígbà tó ń jáde, àgbà yá ìwé ọmọ méjì láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Ní ìjíròrò, kí àgbà má fi "ẹ ṣe dáadáa" bẹ̀rẹ̀, kó má sì fi "ẹ kò ṣe dáadáa" bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ni kó gbé síwájú àwọn méjèèjì.

"Àǹtí, ẹ wo àwọn àmì yìí. Kí lẹ rí?"

"Iwájú nìkan ni mo dojú kọ, ma."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó yé àwọn tó wà lẹ́yìn?"

"Wọ́n ní ó yé àwọn."

Àgbà wá ṣí ìwé méjèèjì. 1/2 + 1/4 = 2/6, àti nínú èkejì, 2/6. Níbí yìí, ó di dandan kí àgbà panu mọ́. Kó ka mẹ́wàá nínú ọkàn rẹ̀ bó bá nira fún un. Ẹni tuntun ni kó sọ ohun tó rí: pé ọmọ náà ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà mẹ́rin ló rí lójú tirẹ̀, kò rí ìdá kankan. Bí ẹni tuntun bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí, ìmọ̀ náà ti di tirẹ̀. Bí àgbà bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó di ìbáwí.

Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe. Ti ẹ̀kọ́ náà kò le: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ká ìwé pélébé kan sí méjì, kó tún un ká sí mẹ́rin, kó tẹ́ ẹ, kó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé ìdámẹ́rin méjì ló wà nínú ìdajì kan. Ti ọ̀nà ìkọ́ni ló gba àkókò. Kí wọ́n yọ "Ṣé ó yé yín?" kúrò pátápátá. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ sórí ìwé wẹ́wẹ́, kí wọ́n kó o sínú agolo mílíìkì òfìfo, kí olùkọ́ sì máa mú orúkọ jáde níbẹ̀. Kó bi ìbéèrè ná, kó dákẹ́ díẹ̀, kó tó mú orúkọ. Bó bá dá orúkọ ṣáájú ìbéèrè, gbogbo ọmọ yòókù ti sinmi nìyẹn.

Ohun tí wọ́n yóò kọ sínú ìwé ni èyí: "Títí di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nínú iṣẹ́ ìṣirò, màá pe ó kéré tán ọmọ mẹ́fà láti bẹ́ǹṣì méjì ẹ̀yìn." Ẹyọ kan ṣoṣo, tó ṣeé kà. "Màá mú kí kíláàsì mi dára sí i" kò ṣeé kà, kò sì sẹ́ni tó lè wò ó. Bí àgbà bá padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun yẹn nìkan ni kó wò, kódà bó bá rí àṣìṣe mẹ́wàá mìíràn. Ó le fún àgbà láti fojú fo àṣìṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ka àṣìṣe mẹ́wàá sí létí lọ́jọ́ kan, kì í tún ẹyọ kan ṣe nínú wọn.

Ọwọ́ olùkọ́ tuntun ni ìwé náà yóò máa wà. Ọ̀gá ilé-ìwé lè béèrè bóyá ìbẹ̀wò wáyé, kó sì fọwọ́ sí ọjọ́ rẹ̀. Kó má béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbólóhùn kan nínú ìwé yẹn bá fara hàn nínú lẹ́tà ìkìlọ̀, ẹ̀kọ́ àṣehàn nìkan ni àgbà yóò tún máa bá ní kíláàsì yẹn: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ lánàá, tí wọ́n tún kọ́ lónìí nítorí àlejò.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tó ń ba ètò yìí jẹ́ láàárín wa. Àgbà á rí àṣìṣe, kò ní lè mú un mọ́ra, á dìde, á gba ẹfun lọ́wọ́ olùkọ́ níwájú ọmọ. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, àwọn ọmọ ti mọ ẹni tó ni kíláàsì. Bí ohun tó wà lójú pátákó bá ṣì wọ́n lọ́nà gidi, kí àgbà kọ ọ́ sórí ìwé kékeré, kó rọra fà á lé e lọ́wọ́. Níwájú ọmọ, "ẹ" ni kí ó máa fi bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tuntun náà tilẹ̀ tó ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀, tí a kì í fẹ́ sọ: àwọn àgbà kan á sọ ẹni tuntun di ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n á ní kó bá wọn máàkì ìwé kíláàsì wọn, kó bá wọn ra nǹkan lọ́jà, kó bá wọn kọ ìwé ìgbáradì ẹ̀kọ́. Ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ kò ní lè sọ pé rárá. Nítorí náà, ọ̀gá ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, níṣojú àwọn méjèèjì, pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ètò yìí. Bó bá sì jẹ́ ọkùnrin àgbà àti ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n yàn pọ̀, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn ni kí wọ́n ti máa jíròrò, ní wákàtí iṣẹ́, kì í ṣe lórí fóònù lálẹ́.

Nígbà mìíràn, ẹni tuntun ló dàgbà ju atọ́nisọ́nà rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe òwò tàbí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ tọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́nà má gbé ìmọ̀ràn ka iwájú. Kó fi ìbéèrè àti ohun tó wà lórí ìwé ṣiṣẹ́. Àwòrán bẹ́ǹṣì kì í rí ẹnikẹ́ni fín.

Mo ń bọ̀ sórí àwọn àgbà olùkọ́ gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ni a ń gbàgbé jù. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún márùndínláàádọ́rin ọjọ́ orí tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ti lo ogún ọdún lónìí lè jẹ́ pé ìdajì ọ̀nà ló wà. Kí ni a ń ṣe fún un? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn ńlá, tó kún fún èèyàn, pẹ̀lú ìwé pélébé, oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ lè dára gan-an. Ó ń ṣòfò nítorí pé kò sẹ́ni tó wà nítòsí lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá fẹ́ dán an wò ní kíláàsì, tí kò bọ́ sí i, tó sì padà sí èyí tó ti mọ́ ọn lára.

Ohun tó bá àgbà olùkọ́ mu jù ni kí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó ara wọn jọ sórí ẹ̀kọ́ kan tó ń fún gbogbo wọn ní wàhálà. Ọ̀nà yìí ti wà ní Japan tipẹ́tipẹ́, kò sì ní owó nínú. Ẹ mú àpẹẹrẹ àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, a sì ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n jọ gbèrò ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún ogójì ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò ta ọmọ kókó sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan nínú wọn kọ́ ọ. Àwọn yòókù ń wo ọmọ, wọn kì í wo olùkọ́, ọmọ mẹ́ta mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan lè wá rí i pé ọmọ tó ń pe ọ̀rọ̀ dáadáa lẹ́nu kàn ń da àmì sórí fáwẹ́lì bó ṣe wù ú, nítorí pé ojú ló fi kọ́ àmì, kò fetí kọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n tún ẹ̀kọ́ náà ṣe: dò-re-mí lẹ́nu ná, ìlù lórí tábìlì, lẹ́yìn náà ni àmì lórí ìwé. Olùkọ́ mìíràn wá kọ́ ọ ní kíláàsì tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n kọ ojú ìwé kan ṣoṣo sílẹ̀, wọ́n fi sínú fáìlì ilé-ìwé, kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn wọn lè bá a níbẹ̀.

Níbí ni ẹni tuntun ti wúlò fún àgbà. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lè mọ àmì ohùn ju ẹni tó ti kọ́ni lógún ọdún lọ, ó sì lè mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù ṣètò máàkì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní sáà kẹta, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ìbẹ̀wò padà: kí ẹni tuntun wá ya àwòrán bẹ́ǹṣì àgbà. Ọ̀pọ̀ àgbà yóò rí i pé bẹ́ǹṣì iwájú ni àwọn náà ń kọ́.

Fún ilé-ìwé aládàáni kékeré tí olùkọ́ inú rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ, kí ilé-ìwé mẹ́ta tó wà ládùúgbò kan náà pawọ́ pọ̀, kí wọ́n yan olùkọ́ fún ara wọn. Bí ìrìn bá ṣòro, olùkọ́ lè fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ẹ̀kọ́, kó fi ránṣẹ́ sí atọ́nisọ́nà lórí WhatsApp. Ohùn ni mo wí. Kí wọ́n má ya fídíò ojú ọmọ ọlọ́mọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òbí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má ka iye ìbẹ̀wò nìkan. Ní ìparí sáà kejì, ẹ mú ìwé ìṣirò ọmọ márùn-ún láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kíláàsì olùkọ́ tuntun, kí ẹ fi ti oṣù Kẹsàn-án wé ti oṣù Kẹta. Ẹ wò ó bóyá àṣìṣe kan náà ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹ sì bi olùkọ́ náà pé, kí lohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ní kíláàsì báyìí? Bó bá ní kò sí, ó ṣì ń bẹ̀rù yín, ẹ padà lọ wo ẹni tí ẹ yàn fún un. Bó bá dárúkọ ohun kan pàtó, tó sì sọ ohun tó ti dán wò lórí rẹ̀, ẹ fi àgbà yẹn sílẹ̀ fún un títí ọdún kejì yóò fi pé. Nígbà tí òun náà bá ti lo ọdún márùn-ún, kó wá mú ẹni tuntun tirẹ̀ lọ wo kíláàsì àgbà náà.